Ta Ni Ó Ni Ìlù: Ẹni Tí Ó Gbẹ́ Ẹ, Tàbí Ẹni Tí Ń Lù Ú?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó yẹ kí àwa tí ń kọ́ èdè fara balẹ̀ wò. Ẹni tí ń lu ìlù ni à ń pè ní onílù. Ẹni tí ó wọ igbó lọ gé igi apá, tí ó gbẹ́ ẹ, tí ó sì dá ihò sí i nínú, kò jẹ́ onílù, gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ nìyí bí?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní 1982 ni King Sunny Ade gbé àwo Juju Music jáde. Nínú rẹ̀ ni Demola Adepoju ti ta gìtá kan tí a máa ń tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, tí a ń fi irin yọ́ lórí okùn rẹ̀, tí a sì ń fi ẹsẹ̀ yí ohùn rẹ̀ padà. Òun náà ni ó ta irú rẹ̀ fún Paul Simon nínú Graceland ní 1986. A mọ ẹni tí ó ta á. Ta ni ó ṣe é?

Ní California, Paul Bigsby ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú gìtá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ó bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ó sì ń kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Àwọn mìíràn ṣe tiwọn ní ṣọ́ọ̀bù wọn láìkọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ikú wọn, ẹni tí gìtá náà bọ́ sí lọ́wọ́ ń tú u, ó ń wá orúkọ nínú ikùn rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé: “Kí ni orúkọ fẹ́ ṣe? Bí ìlù bá ti dún, iṣẹ́ ti parí.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ní ìlú bí Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, onílù tí ó fẹ́ ìlù tuntun mọ agbo ilé tí yóò yà sí. Bí igi bá là, ó mọ ẹni tí yóò bá wí. Bí ó bá dún dáadáa, ó mọ ẹni tí yóò yìn. Ìlú ni ìwé tí a kọ orúkọ náà sí. Àìkọ orúkọ sára igi kì í ṣe àìní orúkọ. Èdè wa pàápàá kò gbàgbé: ìdílé ọlọ́nà ń sọ ọmọ ní Ọnàbánjọ àti Ọnàwùmí.

Ìgbà tí iṣẹ́ bá kúrò nílùú ni òkùnkùn ń ṣú. Olówè ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó kú ní 1938, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí a gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, tí ó sì wà ní British Museum. Orúkọ tirẹ̀ kò sọnù, nítorí oríkì rẹ̀ wà lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, ẹnìkan sì wá béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère ìbejì tí ó wà lókè òkun. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn ni pé a kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Lójú tèmi, ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ ni pé a kò béèrè.

Nítorí náà, n kò ní kí a gba orúkọ lọ́wọ́ onílù. Ìlù tí a kò lù, igi lásán ni. Ṣùgbọ́n gbèsè wà lọ́rùn ẹni tí ń lù ú, àti lọ́rùn àwa tí ń jó sí i. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. A kò sì lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàràpá tí ń kà mí, ọlidé kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ wá ìlù kan rí, kí ẹ béèrè ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, agbo ilé rẹ̀ àti oríkì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tètè béèrè, nítorí àwọn tí ó mọ ìdáhùn ti ń darúgbó.