ÈNÌYÀN NI AṢỌ: ǸJẸ́ ÌKÍNI NÌKAN TÓ?

Ẹ̀yin ará wa, ìkíni kò wọ́n ní ẹnu àwa Yorùbá. A ní ti òwúrọ̀, a ní ti ọ̀sán àti ti alẹ́. A ń kí ẹni tí ó jókòó, a sì ń kí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá pàdé, a ó béèrè pé, “Ṣé àlàáfíà ni?” ẹnìkejì a sì dáhùn pé, “A dúpẹ́.” Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ǹjẹ́ a ń dúró gbọ́ èsì? Mélòó nínú wa ni ó ti dáhùn pé “A dúpẹ́” ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ wúwo bí òkúta, nítorí ó rí i pé ẹni tí ó bi òun ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láti máa lọ?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ní oṣù yìí ni èyí: ojúṣe ta ni ìtọ́jú ọkàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò wí pé ti oníṣègùn ni. Èmi kò kẹ́gàn oníṣègùn. Ṣùgbọ́n oníṣègùn kan ní ilẹ̀ wa ni ó fi hàn wá pé ojúṣe náà kò pin sí ọwọ́ òun nìkan.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, lẹ́bàá ìlú náà. Ṣáájú àkókò rẹ̀, àtìmọ́lé ni ìjọba sábà máa ń fi àwọn tí orí wọn dàrú sí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà ní Yábàá láti ọdún 1907. Lámbò gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí Aro ká, ó sì ní kí ìbátan kan bá olúkúlùkù wá láti máa se oúnjẹ fún un. Wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn; nígbà tí wọ́n bá padà, wọn a máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, nínú iṣẹ́ àti nínú fàájì. Àwọn àgbẹ̀ náà kò ka ìwé ìṣègùn. Ohun tí wọ́n ní ni àyè nínú ilé àti sùúrù. Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ òkèèrè wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí. Ní ọdún 2006, ní Harare, ní ilẹ̀ Sìmbábúè, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 ní ọ̀nà tí a fi í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìrònú bò mọ́lẹ̀. Orí bẹ́ńṣì onígi, ní àgbàlá ilé ìwòsàn, ni wọ́n ń jókòó sí. Nígbà tí a dán ọ̀nà yìí wò láàárín ènìyàn 573, tí a sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2016, a rí i pé lẹ́yìn oṣù 6, ara tu àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ńṣì náà ju àwọn tí kò jókòó níbẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà wa wí pé, “Ènìyàn ni aṣọ mi.” Ìhòhò ni a sì ń fi aṣọ bò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó wí pé, “Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.” Ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn ti gbọ́ ọ, ọmọ tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ti gbọ́ ọ. Òwe tí ó ń kìlọ̀ kí a má hùwà ìtìjú ni. Kì í ṣe ìdájọ́ lórí ẹni tí ó ti ṣubú. Ta ni ó sì ń dá ẹ̀sín sílẹ̀? Ẹ̀sín kì í ti ojú ọ̀run bọ́; ẹnu àwa ènìyàn ni ó ti ń jáde. Bí a bá jẹ́ aṣọ fún ara wa ní tòótọ́, kò sí ẹ̀sín tí yóò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ kú.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí a béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo opó: ní ọjọ́ ìsìnkú ilé rẹ̀ kún, ní oṣù kẹta, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti dá. Ìgbà náà gan-an ni kí a gbé oúnjẹ lọ, kí a gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra ní alẹ́ kan kí òun lè sùn, kí a sì bá a rìn dé ọjà. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́n wa, kí a jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe rere ní ọjọ́ méje tí wọ́n fi dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá a lẹ́bi ni wọ́n ṣìnà. Kí a má sì wí fún ẹnikẹ́ni pé ọkùnrin kì í sunkún.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó le. Bí ẹnìkan bá wí fún ọ pé ayé sú òun, bi í léèrè tààrà bí ó bá ń ro láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í gbin èrò ikú sí i lọ́kàn. Ìlẹ̀kùn ni ó ń ṣí. Bí ó bá wí pé bẹ́ẹ̀ ni, tí ó sì bẹ̀ ọ́ pé kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni ńkọ́? Àṣírí jẹ́ ohun ọ̀wọ̀, olófòófó kò sì ní iyì. Ṣùgbọ́n àṣírí tí yóò pa ẹni tí ó ni í kì í ṣe èyí tí a ń pa mọ́. Má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Gbé oògùn kòkòrò àti ohun olóró gbogbo kúrò nítòsí rẹ̀. Pe ìbátan tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ẹ sì jọ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá bínú sí ọ, gba ìbínú náà. Ó sàn kí ó wà láàyè kí ó máa bínú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbà tí a bá tún béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì wa pé, “Ṣé àlàáfíà ni?” ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí a sì dúró gbọ́ èsì.