Àṣàrò Òwúrọ̀: Ta Ni Ẹ Lè Ránṣẹ́ Pè?

*Bíbélì kíkà:* 2 Tímótì 1:16–18; 4:9–21

 

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín láàárọ̀ yìí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ dàgbà. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà la lọ, inú abọ́ kan náà la ti jẹun, òun ló sì dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Nígbà tó yá, iṣẹ́ gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ọmọ dé, wàhálà dé, ọ̀rọ̀ wa wá di ti orí fóònù. Àràárọ̀ ni mo máa ń fi irú àṣàrò báyìí ránṣẹ́ sí i. Òun náà á dá mi lóhùn pé, "Àmín." Mo rò pé a ṣì ń ṣọ̀rẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n ní, "O kú àdúrà ọ̀rẹ́ rẹ o. Ó ti padà ríṣẹ́." Iṣẹ́ wo? Àṣé wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti lo oṣù mẹ́jọ nílé! Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tìbínú-tìbínú. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ojoojúmọ́ lò ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi. O ò bi mí rí pé, báwo ni." Mi ò rí èsì fọ̀.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òótọ́ ni. Ọkọ, aya, iṣẹ́ àti ìrìn-àjò á pín wọn níyà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òwe náà dáadáa: eré ọmọdé ló ń sọ. Ọmọdé kì í wá ọ̀rẹ́ lọ jìnnà, àgbàlá ni wọ́n ti ń bá ara wọn. Ọ̀rẹ́ àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan ò bá dìde, kò ní sí mọ́.

Ẹlòmíì á ní, "Mo ní aya, mo ní ọmọ, mo ní ìjọ, Jésù sì tó mi. Kí ni mo tún ń wá ọ̀rẹ́ fún?" Ẹ jẹ́ ká wo Pọ́ọ̀lù. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ ìwé yìí, ó sì mọ̀ pé ikú òun ti súnmọ́lé. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ rojọ́, gbogbo èèyàn ló fi òun sílẹ̀, àmọ́ Olúwa dúró ti òun. Ká ní èmi ni, ibẹ̀ ni ǹ bá parí ọ̀rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n nínú orí kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló bẹ Tímótì pé kó tètè máa bọ̀, kí òtútù ọdún yẹn tó mú. Ó ní kó bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kápù ní Tíróásì, àti àwọn ìwé òun. Ẹni tí Olúwa dúró tì, òtútù ṣì ń mú un, ó sì fẹ́ rójú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò tì í lójú láti sọ ọ́.

Ẹ tún wo Onésífórù. Nígbà tó dé Róòmù, kò jókòó gbàdúrà fún Pọ́ọ̀lù kó sì fi mọ síbẹ̀. Ó wá a títí ó fi rí i, ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ kò sì tì í lójú.

Ní ti ọkọ àti aya, ẹ̀bùn ńlá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹrù tó bá wà lórí ẹni méjì, ẹni kẹta ló ń bá wọn sọ̀ ọ́. Bí owó ilé bá tán, bí ọmọ bá ya ìyàkuyà, abẹ́ ẹrù kan náà ni tọkọtaya wà. Ta ni yóò bá yín sọ̀ ọ́? Àwa tí wọ́n ń pè ní bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ, ta ló lè sọ fún wa pé, "Ohun tí o ṣe yìí kò dáa"?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọ̀rẹ́ ń ba àwọn kan nínú yín, torí pé ọ̀rẹ́ ti dà yín rí. Démà fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì dùn ún. Síbẹ̀, kò torí Démà ti ilẹ̀kùn mọ́ Tímótì. Ó tún ní kó mú Máàkù dání, Máàkù yẹn kan náà tí Pọ́ọ̀lù ti kọ̀ láti bá rìn tẹ́lẹ̀ (Ìṣe 15:37–39). Ta ni Máàkù tiyín?

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ yẹn ti lọ, mi ò lè padà lọ jókòó tì í nínú rẹ̀. Bíbélì pàápàá ò sọ fún wa bóyá Tímótì bá Pọ́ọ̀lù láàyè.

*Iṣẹ́ òní:* Ẹ má tíì fi àṣàrò yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹnì kan, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá ní, "A dúpẹ́," ẹ tún un bi lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin gan-an lòtútù ń mú, ẹ sọ fún un pé, "Jọ̀ọ́, wá. Mo fẹ́ rí ọ."

*Àdúrà:* Baba, dárí jì mí níbi tí mo ti ń fi ẹnu gbàdúrà fún ẹni tó yẹ kí n fẹsẹ̀ rìn lọ bá. Fún mi ní ìrẹ̀lẹ̀ láti ké sí ọ̀rẹ́ nígbà tí ó bá nira fún mi. Má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́ jù. Lórúkọ Jésù. Àmín.