Wọ́n Rò Pé Ó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Bíbélì kíkà: Lúùkù 2:41-52
Fún àṣàrò: Diutarónómì 6:6-7

Ẹni tí ó bá sáré ka ìtàn yìí lè rò pé òbí tí kò bìkítà ni Jósẹ́fù àti Màríà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdọọdún ni wọ́n ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá, tọkọtaya ni wọ́n sì jọ ń lọ. Wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì mú ọmọ wọn dání lọ sí ibi ìjọsìn. Síbẹ̀, ọmọ náà kò sí pẹ̀lú wọn nígbà tí wọ́n ń padà sílé. Ẹ wo ohun tí ó fà á ní ẹsẹ̀ 44. Kò sí ẹni tí ó jí i gbé, wọn kò sì lé e jáde. Wọ́n kàn rò pé ó wà láàrin èrò ni. Ó ṣeé ṣe kí baba rò pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ó wà, kí ìyá rò pé ọ̀dọ̀ baba ni, kí àwọn méjèèjì sì fọkàn balẹ̀ nítorí ẹbí pọ̀ lọ́nà. Odidi ìrìn ọjọ́ kan ni wọ́n rìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ẹni tí ó bá ti bá èrò lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè rí, níbi tí a sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí lẹ́yìn tí ó sùn nínú Olúwa ní oṣù keje ọdún 1959, yóò mọ bí ó ti rọrùn tó kí ojú kúrò lára ọmọ. Gbogbo ènìyàn ń kọrin, gbogbo ènìyàn jẹ́ ará, ta ni yóò máa ka orí ọmọ?

Olùfẹ́, ìgbà ìsinmi gígùn nìyí. Àwọn ọmọ gba ọlidé ní ìparí oṣù keje, ó di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó wọlé. Ṣùgbọ́n òbí kò gba ọlidé. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Àrámọ̀kọ gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ alẹ́ kàn ní Ìjerò kò lè sọ pé ọmọ òun wà nílé. Òjò ń rọ̀, àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ fín kòkó kí èso má baà jẹrà lórí igi. Iṣu tuntun ti dé, ìyá ọlọ́jà sì mọ̀ pé bí òun bá pàdánù ọjọ́ ọjà kan, owó ilé ẹ̀kọ́ oṣù kẹsàn-án ni ó fọwọ́ kàn. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni gbogbo èyí. Ọlọ́run kò bínú sí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun.

Nítorí náà, a pín àwọn ọmọ kiri. Èyí èkejì ń lọ sí lẹ́sìn. Èyí tí ó tẹ̀lé e ti lọ bá àǹtí rẹ̀ ní Èkó. Àbíkẹ́yìn wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àgbà inú wọn tí ó ti ṣe ìdánwò Wáẹ̀kì tán, tí ó ń retí èsì, a kò tilẹ̀ mọ ibi tí ó ń jókòó sí lọ́sàn-án. Bí a bá bi ìyá rẹ̀ léèrè, yóò ní, "Ó wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀." Bí a bá bi baba rẹ̀, yóò ní, "Ẹ bi ìyá rẹ̀." Láàrin èrò náà nìyẹn. A rò pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa lórí ibi àdúrà yìí. Àárín ìgbà tí òbí ń rò pé ọmọ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ń kọ́ bí a ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, tí ọ̀rẹ́ ń fi ọ̀nà Yahoo hàn án lórí fóònù. Àárín ìgbà náà ni àwọn ọmọkùnrin ń lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú kòtò tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ìjerò, tí òjò ti kún bámú. Àárín ìgbà náà ni ọmọbìnrin ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a fọkàn tán, tíṣà lẹ́sìn tàbí ìbátan tí ó ń pè ní bùọ̀dá. Bí ọmọ rẹ bá wá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sùn ọ́, má ṣe pa á lẹ́nu mọ́ nítorí orúkọ ìdílé tàbí orúkọ ìjọ. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ṣe òfin sí irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2019. Ará tí ó bá ní kí a fi àdúrà nìkan bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ran ọmọ náà lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Pásítọ̀, a mú wọn jáde lọ́dún tó kọjá o! A lọ wo omi gbígbóná Ìkògòsì." Ó dára. A ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì, a padà sílé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan nìyẹn nínú bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Nígbà tí Mósè ń pàṣẹ nípa ọmọ ní Diutarónómì 6:7, kò yan wákàtí pàtàkì kankan. Ó ní kí a bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá jókòó nílé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí a bá fẹ́ sùn àti nígbà tí a bá jí. Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a kì í ṣe lójoojúmọ́? Inú iṣẹ́ wa gan-an ni Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ náà sí. Àwọn baba wa mọ èyí ṣe. Lẹ́yìn tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí ọlidé bá dé, oko ni wọ́n ń bá baba lọ. Ojú ọ̀nà oko yẹn jìn, ọ̀rọ̀ sì máa ń pọ̀ níbẹ̀: ìtàn ìdílé, ìwà, ẹ̀rù Olúwa. (Èmi kò sọ pé kí ẹ gbé ẹ̀rọ tí a fi ń fín kòkó kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn o. Májèlé ni oògùn inú rẹ̀.) Jésù pàápàá, káfíńtà ni wọ́n pè é ní Máàkù 6:3, iṣẹ́ baba rẹ̀ ní Násárẹ́tì. A kì í kọ́ iṣẹ́ láìdúró ti ẹni tí ń ṣe é.

Nítorí náà, bí a bá ń gún iyán lálẹ́ òní, kí fóònù sinmi díẹ̀. Ẹni méjì tí ó dúró ti odó kan lè bá ara wọn sọ ohun tí wọn kò lè sọ lójúkojú. Mú ọ̀kan nínú wọn dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, òmíràn lọ́tùúnla. Ìwọ baba tí iṣẹ́ gbé lọ sí Àbújá, pe ọmọ náà fúnra rẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ìyá rẹ̀ nìkan ni ò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwa òṣìṣẹ́ nínú ìjọ. Oṣù kẹjọ ni àpéjọ àti ìsọjí máa ń pọ̀. Inú tẹ́ńpìlì ni wọ́n ti rí Jésù, ibi tí ó dára jùlọ nìyẹn, síbẹ̀ ẹsẹ̀ 51 sọ pé ó bá àwọn òbí rẹ̀ padà sílé. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kò lè gba ipò rẹ.

Ẹ wo ohun tí Jósẹ́fù àti Màríà ṣe. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ẹgbẹ́ èrò sílẹ̀, wọ́n padà sí Jerúsálẹ́mù, ó sì di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó rí i. Ó ná wọn ní nǹkan. Ó lè ná ìwọ náà ní èrè ọjọ́ ọjà kan. Nígbà tí wọ́n rí i, Màríà béèrè ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sọ bí ọkàn àwọn ti dàrú tó. Ọmọ náà dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ kò yé wọn. Màríà kò jágbe mọ́ ọn. Ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú ọkàn rẹ̀. Bí ìdáhùn ọmọ rẹ kò bá yé ọ lónìí, ṣe bí Màríà ti ṣe.

Ohun láti ṣe: Kí tọkọtaya tó jáde láàárọ̀ yìí, kí wọ́n dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ibi tí yóò wà títí di ìrọ̀lẹ́ àti ẹni tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Àdúrà: Baba, fi ibi tí ọmọ mi wà hàn mí, àti ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Fún mi ní okun láti ṣiṣẹ́, àti agbára láti yí padà lọ́nà nígbà tí ó bá yẹ. Dáàbò bo àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní àkókò ìsinmi yìí, kí o sì mú gbogbo wọn padà wálé, ní orúkọ Jésù. Àmín.