Ta Ló Pa Ọmọ Inú Ẹ̀rọ?

Ìbéèrè kan wà tí ó ti wà kí a tó bí àwọn baba ńlá wa, tí ẹ̀sìn kò lè yẹra fún, tí ọgbọ́n orí kò sì tíì yanjú: bí ọmọ bá kú lójijì, ta ni kí á dá lẹ́bi? Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé òun gan-an ni ó ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ sọ́fítíwíà ní Mówè, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀ lọ́nà, nígbà tí ọmọ bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú kọ̀ǹpútà.

Nítorí ẹ̀rọ náà ń bímọ. Nínú Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969, àti nínú Linux tó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ní 1991, iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní prọ́sẹ́ẹ̀sì, a máa bí òmíràn, bí ẹni pé baba ló pọ ọmọ sílẹ̀. Ọmọ a jogún fáìlì tí baba ṣí, a sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí ó bá ń kú lọ, nọ́ńbà ni ó fi ń dágbére: òdo bí ó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà, òmíràn bí nǹkan bá ṣe é. Baba ni ó yẹ kí ó dúró gbà á. Bí kò bá gbà á, ọmọ a di zombie, òkú tí a kò sin, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ilé. Bí baba ló bá sì ṣáájú ọmọ kú, prọ́sẹ́ẹ̀sì kìíní, baba ńlá gbogbo wọn, ni yóò sábà gba ọmọ òrukàn náà tọ́. Oníwàásù ìbá rí ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi kan gbáko nínú ìyẹn nìkan.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọ̀dọ́ kan ní Mówè, lẹ́bàá òpópó Èkó sí Ìbàdàn níbi tí ibùdó àdúrà pọ̀ sí, tó ń bá àwọn ayàwòrán tún àwòrán ìpàdé ńlá ṣe. Ètò rẹ̀ pín àwòrán fún ọmọ mẹ́jọ. Lóru, ọ̀kan kú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì hàn lójú ẹ̀rọ: Killed. Iná ti ṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ sì ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Kí ló tún kù kí a tó mọ àjẹ́? Ó gbàdúrà, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ọmọ tún kú. N kò bá àdúrà jà o. Òkú ló ti sọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kò tẹ́tí sí i. Nọ́ńbà 137 ló fi sílẹ̀, èyí tí í ṣe 128 àti 9, 9 sì ni àṣẹ ikú tí prọ́sẹ́ẹ̀sì kan kò lè kọ̀: láti ìta ni wọ́n ti pa á. Ìbá jẹ́ 139, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó nà sí mẹ́mọ́rì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìbá jẹ́ 127, ogún ló kù díẹ̀ káàtó, baba kò fi ibi tí irin iṣẹ́ wà hàn án, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ tí cron, aago tó ń pe iṣẹ́ ní àsìkò rẹ̀, ń jí ṣe lóru. Ìgbà tí ọ̀dọ́ náà fi àṣẹ dmesg ka àkọsílẹ̀ kernel, ọkàn ẹ̀rọ tó ń pín mẹ́mọ́rì fún gbogbo wọn, ni ó rí i pé mẹ́mọ́rì ló tán, tí kernel yan ọmọ tó ń jẹun jù, tí ó sì pa á kí gbogbo ilé má bàa wó.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le. A ti mọ ohun tó pa ọmọ. Ṣé a ti mọ ẹni tó jẹ̀bi? Ọmọ kò ṣẹ̀, àwòrán tí a fún un ni ó ń ṣe. Kernel kò ṣìkà, ìwọ̀n ni ó fi ń wọn olúkúlùkù. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù náà bi í, nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, bóyá òun ló dẹ́ṣẹ̀ ni tàbí àwọn òbí rẹ̀, Jésù sì ní kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Mùsùlùmí ará Ìfọ̀ yóò ní kádàrá ni, pé bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ ọ́, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ, a máa ṣeé kà.

Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú. Ẹni tó ni àṣẹ lórí ẹ̀rọ lè kọ −1000 sí ìwọ̀n ọmọ kan, kernel kò sì ní fọwọ́ kan án mọ́ nígbà ọ̀dá mẹ́mọ́rì. Ìyẹn jọ àdúrà tó gbà. Àmọ́ ọ̀dá náà kò tí ì lọ, ọmọ mìíràn ni yóò sì kú dípò rẹ̀. Ǹjẹ́ àwa tí a ń fi òru bẹ Ọlọ́run fún ọmọ tiwa nìkan, ọmọ ta ni à ń fi lé ikú lọ́wọ́?