Ojúṣe Ẹni Tó So Ajá Mọ́lẹ̀

Àpò kékeré méjì wà ní ìdí ajá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lábẹ́ awọ níbi tí ojú kò tó. Omi olóòórùn ló wà nínú wọn, òun sì wà lára ohun tí àwọn ajá fi ń dá ara wọn mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbóòórùn ìdí ara wọn. Ajá tí ara rẹ̀ dá kò nílò ẹni tí yóò tẹ àpò yìí fún un. Ìgbẹ́ tó nípọn, tó sì le díẹ̀, ló ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń jáde, tí omi inú rẹ̀ á fi dà nù. Bí ìgbẹ́ bá ń rọ̀ ṣáá, omi náà á dúró síbẹ̀, á ki, ojú ọ̀nà rẹ̀ á sì dí. Ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wọ́lẹ̀, á máa lá ibẹ̀, á máa yíjú bu ìdí ìrù ara rẹ̀ jẹ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá sí i, ó lè di eéwo tí yóò bẹ́ pẹ̀lú ọyún àti ẹ̀jẹ̀.

Oúnjẹ wà nídìí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí oúnjẹ ló ń pinnu bí ìgbẹ́ yóò ṣe rí. Níbí ni àìsàn tó jọ ọ̀rọ̀ dókítà ẹran lásán ti di ìbéèrè ẹ̀sìn. Ẹni tó ń bọ́ ajá, ṣé ojúṣe rẹ̀ ti parí nígbà tí ikùn ajá bá ti kún, àbí ohun tí oúnjẹ náà lọ ń ṣe nínú ara ajá wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú?

Èbúté Èrò, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, jẹ́ ibi tó yẹ kí a ti gbé e yẹ̀ wò. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe jọ ń gbé ibẹ̀, ilé kan kò jìnnà sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ọjà tó wà lẹ́bàá àfárá Carter kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Ajá tó ń rìn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ajá ìbílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Bíńgò. Ajá tí a so mọ́ ẹ̀yìnkùlé tàbí iwájú ìsọ̀ kí ó lè máa ṣọ́ ẹrù lóru wà pẹ̀lú, àti Láásà onírun tí a ń sìn nínú yàrá. Àwọn ajá kéékèèké báyìí, àti àwọn tó sanra nítorí pé wọn kì í rìn, ni àìsàn àpò ìdí máa ń yọ lẹ́nu jù.

Àjẹkù ni ajá tí a so sábà máa ń jẹ: ẹ̀kọ, èbà, ìrẹsì, ọbẹ̀ tó kù nídìí ìkòkò, egungun adìẹ. Ẹ̀kọ ń yó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a sẹ́ ògì, èèrí tí ìbá mú ìgbẹ́ nípọn ti bọ́ sínú asẹ́. Ọ̀rá ọbẹ̀ lè mú inú ajá ṣí. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ náà jẹ́ májèlé fún un, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, nígbà tí egungun adìẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóṣóró, tí ó sì lè gún ìfun. Ẹni tó da gbogbo èyí sínú abọ́ rò pé òun ti ṣe oore.

Hádíìsì kan tí àwọn àáfà máa ń sọ nínú wáàsí dáhùn ìbéèrè ojúṣe yẹn ju bí a ti ń rò lọ. Obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé: kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ní apá méjì, apá kejì yìí ló sì ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ ajá. Ẹranko tó ń rìn fúnra rẹ̀ lè yan ohun tí yóò jẹ. Ó lè jẹ koríko, ó lè fi ohun tí kò bá a lára mu sílẹ̀. Ẹni tó bá so ó mọ́lẹ̀ ti gba yíyàn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu ajá, olówó rẹ̀ ló yàn án, àbájáde rẹ̀ sì di tirẹ̀. Okùn ọrùn ajá ló bí ojúṣe yìí. Ìfẹ́ tí olówó ajá ní sí i, tàbí tí kò ní, kò yí i padà.

Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí yóò sọ pé ajá jẹ́ nàjísì, ìyẹn èérí, pé ẹni tó fẹ́ kírun kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ìdí rẹ̀. Àwíjàre yìí kò dúró. Ìlànà Imam Malik, tó kú ní ọdún 795, ni àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé jù, ìlànà náà sì gbà pé ajá tó wà láàyè mọ́. Àlùkùránì gbà kí a jẹ ẹran tí ajá ọdẹ bá mú wá (Súrà 5, ẹsẹ 4), kò sì sọ pé kí a fọ ojú eyín ajá kúrò lára rẹ̀. Fífọ abọ́ nígbà méje bí ajá bá lá a jẹ́ ìgbọràn sí àṣẹ lójú àwọn onímọ̀ Màlíkì, kì í ṣe ẹ̀rí pé ajá dọ̀tí. Àwọn tó ń tẹ̀ lé Imam Shafi'i kò gbà bẹ́ẹ̀. Nàjísì ni wọ́n pè é. Síbẹ̀, kí a tilẹ̀ gbà pé tiwọn ló tọ̀nà, kí a sì fi kún un pé ìgbẹ́ àti ọyún ajá jẹ́ èérí dájúdájú, òfin èérí ń sọ bí ènìyàn yóò ṣe wẹ ara rẹ̀ kí ó tó dúró níwájú Ọlọ́hun. Omi ló ń tán an. Kò sí ibi tí òfin náà ti sọ pé kí a fi ẹranko sílẹ̀ nínú ìrora. Ọkùnrin inú hádíìsì tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì dárí jì, kò kọ́kọ́ béèrè bóyá ajá náà mọ́.

Hádíìsì mìíràn dín ẹ̀san ẹni tó ń sin ajá kù, àyàfi ajá ọdẹ, ajá ẹran ọ̀sìn tàbí ajá oko. Ìtàn tí àwọn onímọ̀ ń sọ nípa Ibn Abi Zayd ti ìlú Qayrawan bọ́ sí i dáadáa. Òun ló kọ Risala, ìwé tí àwọn ọmọ ilé-kéú ti ń kà láti ìran dé ìran. Wọ́n ní ògiri ilé rẹ̀ wó, ó sì so ajá síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rán an létí pé Malik kórìíra kí a so ajá sílé, ó fèsì pé bí Malik bá bá ìgbà yìí, kìnnìún ni ìbá so. Ajá tó ń ṣọ́ ìsọ̀ kò jìnnà sí èyí. Bí a bá sì gbà á láyè nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe, àlàáfíà ara rẹ̀ wọ inú owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwé Òwe 12, ẹsẹ 10, sọ fún Kìrìsìtẹ́nì pé olódodo a máa ka ẹ̀mí ẹran rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ oníṣẹ̀ṣe ló dà bí ẹni pé ó le jù, nítorí ajá ni Ògún ń jẹ: kí ni ẹran tí a óò pa yóò fi ìtọ́jú ṣe? Àgbò Iléyá dáhùn. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé pípa ni a óò pa á, síbẹ̀ wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, òfin kò sì gba àgbò tí àìsàn rẹ̀ hàn kedere. Ikú tí a ti pinnu fún ẹran kò sọ ọjọ́ ayé rẹ̀ di ọjọ́ ìyà.

Ìtọ́jú náà kò wọ́n. Èèrí tí ológì fẹ́ dà nù ṣeé sè mọ́ oúnjẹ ajá. Elégédé tí a sè láìfi iyọ̀ sí i dára, ẹ̀wà tí a sè láìsí ata àti àlùbọ́sà náà dára. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a fi kún un fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, torí bí ó bá pọ̀ lójijì, inú ajá á wú, á sì tún ṣí. Omi mímu gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹran tàbí ẹja tí kò ní egungun kò sì gbọ́dọ̀ tán nínú abọ́. Ajá tó sanra gbọ́dọ̀ fọn, kí a sì tú u kí ó rìn. Nígbà mìíràn, oríṣi ẹran kan ni ara ajá kọ̀, tí yóò máa yún un létí àti lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà ẹran lè ní kí ó jẹ ẹran tí kò jẹ rí, òun nìkan, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Aràn inú náà lè mú ajá fi ìdí wọ́lẹ̀, kì í ṣe àpò nìkan.

Oúnjẹ kì í wo eéwo. Bí ìdí ajá bá wú, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, tàbí tí kò lè jókòó, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló kù. Kì í ṣe pé kí a máa fi ọwọ́ tẹ àpò tí kò ṣe ohunkóhun lójoojúmọ́, nítorí títẹ̀ lásán lè dá egbò sí i.

Ẹni tí kò bá lágbára ìtọ́jú yìí wà lábẹ́ òfin tí àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ti là sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn: kí ó bọ́ ọ, kí ó tà á, kí ó pa á jẹ bí ó bá jẹ́ ẹran jíjẹ, tàbí kí ó tú u sílẹ̀ níbi tí yóò ti rí oúnjẹ. Mùsùlùmí kò lè jẹ ajá, hádíìsì sì kọ owó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ajá tó ní iṣẹ́. Títú u sílẹ̀ sáàárín mọ́tò ní Ìdúmọ̀tà kò yàtọ̀ sí pípa á. Ọ̀nà tó kù ni kí ó fà á lé ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀, kí ó sì sọ ohun tó ń ṣe é fún onítọ̀hún kí ó tó tú okùn.