Ohun Tí A Bá Pàtẹ́wọ́ Sí

Bí táàmù kẹta bá ti ń parí lọ lóṣù keje, ó ṣòro kí ènìyàn gba àdúgbò kan kọjá nílẹ̀ Yorùbá kó má gbọ́ ariwo gbohùngbohùn ilé-ìwé. Wọ́n á ti ta kánópì sórí pápá. Wọ́n á ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì àwọn àlejò pàtàkì, wọ́n á sì to ẹ̀bùn tí wọ́n fi pépà aláràbarà dì jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ìwé àkọsílẹ̀, ìwé atúmọ̀-èdè, báàgì, nígbà mìíràn bàkétì. Olóòtú ètò á pe orúkọ, ọmọ á jáde, á kúnlẹ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àlejò, fóònù á máa tàn yẹ̀rì, àtẹ́wọ́ á sọ. Ìyá ọmọ á gbé gèlè rẹ̀ dúró dáadáa, á jó dé iwájú. Ó dùn ún wò, ẹni tí kò bá sì lè bá wọn yọ̀ níbẹ̀, kí ó tètè wá inú ara rẹ̀ wò.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ẹ̀bùn kọjá ìdùnnú. Ẹ̀kọ́ kan wà tí ilé-ìwé girama ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà tí kò sí nínú ìwé kankan. Ohun tí àgbà bá pàtẹ́wọ́ sí lójú gbogbo ayé ni ọmọdé máa ń mú lọ sílé pé ohun tó níyì nìyẹn. Bí a bá yin akitiyan, akitiyan ni wọn yóò máa lé. Bí ó bá jẹ́ owó la yìn, kò sí ìwàásù tí yóò yọ ọ́ lọ́kàn wọn mọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí á gbé ayẹyẹ yìí sórí òṣùwọ̀n ọmọlúàbí, ká wò ó bóyá ó tẹ̀wọ̀n.

Àwọn àgbà fi òwe méjì lé wa lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní yìnni yìnni, kẹ́ni ṣèmíìn. Àwọn náà ló tún ní a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní ń kángun rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà lè ní wọ́n ń bá ara wọn jà. Oríkì ló pẹ̀tù sí i. Nígbà tí ìyá bá ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, tó pè é ní Àdùkẹ́ tàbí Àkànní, tó wá kì í dé orílẹ̀, ìṣojú ọmọ gan-an ló ti ń yìn ín, orí ọmọ sì ń wú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kà fún un ni ìṣe àwọn tó bí i, ilé tó ti jáde wá, àti ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni tó bá ti irú ilé bẹ́ẹ̀ wá. Oríkì orílẹ̀ mìíràn kò tilẹ̀ bo àléébù àwọn baba ńlá mọ́lẹ̀. Inú ọmọ á dùn, ẹrù iṣẹ́ á sì tún hàn sí i. Ìyìn tó ní ìdí báyìí kì í gun ọmọ lórí. Èyí tó ń gùn wọ́n lórí ni èyí tó jẹ́ kí wọ́n rò pé àwọn nìkan ló dá ayé.

Bí àwọn àgbà bá ń ka ohun tó ń sọ ènìyàn di ọmọlúàbí, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òtítọ́, akínkanjú, iṣẹ́ ṣíṣe àti ọpọlọ pípé. Ọpọlọ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ mú káàdì èsì ìdánwò ọmọ yín kí ẹ wò ó dáadáa. Máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ipò ọmọ ló gba òkè káàdì kan. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ ìmọ́tótó, títètè dé ilé-ìwé, ìbọ̀wọ̀ fún àgbà, òtítọ́ àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ sí, tí nọ́ńbà 1 dé 5 sì wà níwájú wọn kí tíṣà fàmì sí èyí tó yẹ. Tíṣà tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn á kàn fàmì sí 4 láti òkè délẹ̀ fún gbogbo kíláàsì, nítorí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò kà á. Òbí á wo ipò nìkan, á ní: “Ẹni tó gbé ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?” Kò sí èyí tí yóò béèrè ìdí tí òtítọ́ ọmọ òun fi jẹ́ 4. Bí ọmọ bá sì ń jáde, ìwé ẹ̀rí á sọ pé ìwà rẹ̀ tẹ́ni lọ́rùn, gbólóhùn kan náà fún jàgídíjàgan àti fún ẹni jẹ́jẹ́. Àṣà náà ò parí síbẹ̀. Àwọn yunifásítì wa náà máa ń kéde níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege pé àwọn ọmọ yìí yẹ ní ẹ̀kọ́, wọ́n sì yẹ ní ìwà. Ẹ̀kọ́ la ṣèdánwò fún. Ìwà, a kàn gbà á bẹ́ẹ̀.

Ibi tí èyí ń gbé wa lọ kò ṣàjèjì. Lọ́dún 2023, ọmọbìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Anambra gbé èsì ìdánwò JAMB tí a fi ń wọ yunifásítì jáde pé òun gba 362 nínú 400. Àwọn ènìyàn gbé e gẹ̀gẹ̀, wọ́n kéde ẹ̀bùn olówó ńlá fún ẹ̀kọ́ rẹ̀. JAMB ní 249 ló gbà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé kalẹ̀ tú ọ̀rọ̀ náà wò, ọmọ náà jẹ́wọ́ pé òun ló yí èsì náà padà. Ẹnu gbogbo wa ló gbà á nígbà náà, a bú u tẹ́rùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: 249 kì í ṣe máàkì ìtìjú, ọmọ tó ń wá a lójú méjèèjì tí kò rí i pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ìlú tí kì í pàtẹ́wọ́ fún 249 ló bí 362 ayédèrú.

Bẹ́ẹ̀ ni ti mírákù sẹ́ńtà. Òbí á san owó tó ju owó ìdánwò lọ, ọmọ á lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó, èsì á jáde pẹ̀lú A lọ́tùn-ún lósì, ilé-ìwé á ṣe pátákó ńlá sí ẹnu géètì láti fi yangàn. Nígbà mìíràn ni àjọ WAEC máa ń dá irú èsì bẹ́ẹ̀ dúró, nígbà mìíràn á yọ bọ́rọ́. Èyí tó yọ bọ́rọ́ yìí gan-an ló burú jù, nítorí wọn yóò pe ọmọ náà jáde lọ́jọ́ ẹ̀bùn, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi àtùpà kàwé tó gba C yóò sì jókòó máa pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn méjèèjì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ni a fẹ́ kí ẹni tó jókòó yẹn kọ́ lára wa?

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí máàkì, ká lọ sórí ìtàgé, nítorí ibẹ̀ ni ilé-ìwé ti máa ń súnmọ́ ọmọlúàbí jù láìmọ̀. Ìwé eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970, ò tíì kúrò lórí ìtàgé ilé-ìwé wa títí di òní. Ẹni tó bá ti rí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó wọ ipò Ẹfúnṣetán, ìyálóde Ìbàdàn, tó di ìdí mọ́lẹ̀, tó pàṣẹ kí wọ́n pa Adétutù, ẹrú rẹ̀, nítorí pé ó lóyún, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Ọmọ náà ti há ọ̀rọ̀ sórí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó ti kọ́ bí a ṣe ń fọ ohùn kí ará ẹ̀yìn lè gbọ́. Ẹni tó ṣe Adétutù kọ́ bí a ṣe ń sunkún láìbo ọ̀rọ̀ ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Àwọn onílù kọ́ ìgbà tó yẹ kí ìlù dákẹ́. Ọmọ kan wà lẹ́yìn aṣọ ìtàgé tó di ìwé eré mú, tó ń sọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sétí ẹni tó bá gbàgbé; kò sẹ́ni tó rí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, eré ìtàgé ni ibi tí ọmọ ti ń fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ pe gbogbo wọn jáde, ẹ pe ẹni ẹ̀yìn aṣọ náà lórúkọ.

Ohun kan ń bà mí nínú jẹ́ nípa eré yìí, èdè Yorùbá tí wọ́n fi ń ṣe é ni. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tó ń ṣe Ọjọ́ Àṣà, tí àwọn ọmọ ti ń wọ aṣọ òkè tí wọ́n sì ń kéwì, náà ló ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, tí wọ́n ń pè é ní fanákúlà. Lọ́jọ́ Ajé a fìyà jẹ ẹ́ nítorí èdè ìyá rẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì a pàtẹ́wọ́ fún un nítorí èdè kan náà. Òfin tí Gómìnà Akínwùmí Ambode fọwọ́ sí ní ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2018 sọ ọ́ di dandan láti kọ́ èdè Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ìpínlẹ̀ náà, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òfin nìkan ò tó. Ọ̀rọ̀ sísọ ló ṣáájú nínú ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, ilé-ìwé tó bá sì ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ṣe fáàrí lópin ọ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn eré ìtàgé ni ijó, ibẹ̀ sì ni owó ń gbà wọlé. Bí ọmọ bá ń jó lọ́wọ́, baba rẹ̀ á dìde, á máa lẹ náírà mọ́ ọn níwájú orí. Baba ẹlòmíràn ò ní gbà, òun náà á já bọ́ síta. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ tó yẹ kó máa jó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa owó, ijó ti dàrú, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí nǹkan mú wá sì dúró gbagidi láàárín wọn bí ẹni tó ṣẹ̀. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà àti jíjó lé e lórí sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san ₦50,000, ó kéré tán. Ká tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀. Wọ́n ti sọ iṣẹ́ ọmọ di ibi tí àgbà ti ń díje owó, kí ni ọmọ náà yóò rò pé wọ́n ń yìn? Ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lówó, kí ó fi sínú àpò ìwé, kí ó fún tíṣà ijó pé kó pín in fún gbogbo wọn.

Tíṣà gan-an la máa ń gbàgbé. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, tó padà di ọ̀gá Abeokuta Grammar School, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT sílẹ̀ ní 1931, òun sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó mọ̀ pé bí a bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú olùkọ́, ẹ̀kọ́ náà ò ní níyì. Lónìí, àlejò tó fi ẹgbàárùn-ún náírà ṣètọrẹ á sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, tíṣà tó fi ọ̀sán rẹ̀ tún ìṣirò kọ́ ọmọ á máa to àga. Kí ni ìbá burú bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn bá kọ́kọ́ yíjú sí tíṣà rẹ̀, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó tó yíjú sí kámẹ́rà? Ẹ̀kọ́ ìtẹríba tí a ń wí nìyẹn.

Àwọn kan á ní ìlara ló ń sọ̀rọ̀ báyìí, pé kí a jẹ́ kí ẹni tó ṣiṣẹ́ jèrè iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ sí oríire ọmọ ẹlòmíràn kì í ṣe ọmọlúàbí. Mi ò fẹ́ kí a dín ẹ̀bùn ipò kìíní kù rárá. Fífi ẹ̀bùn fún gbogbo ọmọ kí òbí kankan má baà bínú kò dára pẹ̀lú, irọ́ ni, àwọn ọmọ sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tí mò ń wí ni pé ìka ò dọ́gba, iṣẹ́ sì pé oríṣi. Ọmọ tó ti ipò ogójì bọ́ sí ogún ṣe ohun tó tó yìn. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà títí alẹ́ tí kò sì pẹ́ dé kíláàsì lẹ́ẹ̀kan ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀bùn ìwà rere tí wọ́n máa ń fi sẹ́yìn pátápátá, tí wọ́n ń fún ọmọ jẹ́jẹ́ kan kó má baà lọ lọ́wọ́ òfo, ni kí wọ́n gbé síwájú, kí wọ́n sì sọ ohun tí ọmọ náà ṣe: owó wo ló rí he tó dá padà, ta ni wọ́n ń yọ lẹ́nu tó gbà sílẹ̀.

Ohun tí mo ní kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé girama ṣe ò le. Kí wọ́n fún àpótí kékeré ìsàlẹ̀ káàdì yẹn ní iṣẹ́ gidi. Kí tíṣà máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sí i, kí ẹ̀bùn ọdún sì jáde láti ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jáde láti ara máàkì. Tí òbí bá mọ̀ pé wọ́n ń ka òtítọ́ lójú àwùjọ bí wọ́n ṣe ń ka Ìṣirò, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ nílé.