Ẹ̀gún Ara Ìtàkùn Olódòdó



Bí ẹ bá gba òpópó Bódìjà kọjá ní àṣálẹ́, ní àdúgbò tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1959, òórùn dídùn kan a máa pàdé ènìyàn kí ó tó rí ibi tí ó ti ń wá. Ìtàkùn tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Rangoon creeper ni. Àwọn mìíràn ń pè é ní honeysuckle ilẹ̀ Ṣáínà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá honeysuckle tòótọ́ tan, èyí tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ òtútù. Funfun ni òdòdó rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní ìrọ̀lẹ́; ní ọjọ́ kejì ó di pupa fẹ́ẹ́rẹ́; nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ewéko, tẹ orúkọ Látìn rẹ̀ jáde ní 1762: Quisqualis, èyí tí í ṣe, "Ta ni? Irú wo ni?" Ẹ má ṣe dá wọn lẹ́bi. Ní kékeré rẹ̀, igi kúkúrú tí ń dá dúró ni. Ta ni ìbá mọ̀ pé yóò gun ògiri? N kò fẹ́ràn ìgò fífọ́ tí a ń tò sórí ògiri ilé wa, inú mi sì máa ń dùn nígbà tí ìtàkùn yìí bá bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gún rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ìtàkùn yìí kò ní ọwọ́ tí ó fi ń di nǹkan mú bí ti elégédé. Nígbà tí ewé rẹ̀ bá já bọ́, ìdí ọ̀pá ewé náà kì í bá a lọ. Ó ń kù lára ẹ̀ka, ó ń gbẹ, ó ń le, ó sì ń di ẹ̀gún. Ẹ̀gún yìí ni ìtàkùn fi ń kọ́ ara igi àti wáyà, tí ó fi ń gòkè.

Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, kì í ṣe níhìn-ín, ìyá kan sin ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a kò rí i ní Mísà mọ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò, mo sì sọ fún un pé kí ó gbàgbé, kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà jù sẹ́yìn. Ó wò mí, ó ní, "Fada, ẹ má bínú, ẹ kò bímọ rí." N kò rí èsì fún un. Ìtìjú ni mo fi padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo ń gé ìtàkùn ẹ̀yìn ilé Fada, tí ẹ̀gún rẹ̀ gún mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo wò ó dáadáa ni mo tó mọ̀ pé ibi tí ewé ti bọ́ ni.

Ǹjẹ́ Olúwa wa gbàgbé nígbà tí ó jíǹde? Ìhìn Rere Jòhánù Mímọ́, orí 20, fi yé wa pé ojú ìṣó wà ní ọwọ́ rẹ̀, ojú ọ̀kọ̀ sì wà ní ìhà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi wọ́n han Tọ́másì. Ara ológo ni, síbẹ̀ àpá wà níbẹ̀. Ọ̀gọ́sítínì Mímọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Áfríkà tiwa, rò ó nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run pé bóyá a ó rí ọgbẹ́ àwọn ajẹ́rìíkú lára wọn ní ìjọba ọ̀run, bí ẹwà, kì í ṣe bí àbùkù.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ ìyá náà. N kò wàásù. Mo ní kí ó sọ ìtàn ọmọ náà fún mi, ó sì sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nítorí náà, ìwọ tí o jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú ilé Ọlọ́run nítorí pé ẹnì kan kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ mọ́, n kò ní sọ fún ọ pé kí o gbàgbé. Fi àpá náà kọ́ ara igi àgbélébùú, kí o sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kíyè sára: ẹ̀gún tí ń gbé ìtàkùn ró ni ó gún mi lọ́wọ́. Mo mọ àwọn tí ìbànújẹ́ ti sọ ẹnu wọn di mímú sí ọmọ ọ̀dọ̀ àti sí ìyàwó ọmọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín, ẹ̀ka rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé Fada. Ẹ gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, níbi tí oòrùn ti ń dé, kí ẹ sì fún un ní wáyà tí ó lágbára, nítorí ó máa ń wúwo. Lẹ́yìn tí òdòdó bá tán ni kí ẹ gé e; orí ẹ̀ka tuntun ni ó ti ń tanná. Kí ẹ fi aṣọ wé ọwọ́ kí ẹ tó fi kàn án.